Ṣé kí n fi bíléèdì mulching sí róbọ́ọ̀tì tó ń gé koríko wa? Koríko gígé ń ṣù jọ sórí lọ́ọ̀nù

ÌyáTèmi_MK (ọjọ́ 8 oṣù kẹfà)

Ẹ kú ojúmọ́ gbogbo ilé o. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú ni mo ṣe wá bá yín. Milton Keynes la wà, koríko ẹ̀yìn ilé wa tó nǹkan bíi 300 square metre, a sì ra róbọ́ọ̀tì tó ń dá gé koríko lọ́dún tó kọjá, èyí tó máa ń jáde fúnra ẹ̀ látibi ṣáájà, tí iná ẹ̀ bá fẹ́ tán á tún padà lọ gba iná. Gbogbo ọdún tó kọjá mi ò rí nǹkan kan wí sí i, ilẹ̀ rí mínímíní bíi rọ́ọ̀gì.

Lọ́dún yìí ọmọ mi Tèmi gbọ́ nílé ìwé nípa No Mow May, ìpolongo tí Plantlife, ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo òdòdó igbó ní Britain, bẹ̀rẹ̀ ní 2019, pé kéèyàn má gé koríko jálẹ̀ oṣù karùn-ún kí oyin lè rí òdòdó. Ó bẹ̀ mí, mo gbà fún un. Ó dùn mọ́ wa lóòótọ́, clover funfun yọ, oyin ń wá. Àmọ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà tí mo tan róbọ́ọ̀tì padà ni wàhálà dé. Koríko tó ń gé ń ṣù jọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti fún omi ẹ̀, ó tò lọ ní ìlà ìlà, tí mo bá fi ẹsẹ̀ tú u, abẹ́ ẹ̀ ti ń pọ́n. Àwọn ọmọ á rìn kọjá, wọ́n á gbé e wọ ilé ìdáná.

Mo wá rí ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta bíléèdì tó pè ní mulching blade fún róbọ́ọ̀tì, ó nípọn, etí ẹ̀ ká sókè, ó ní á lọ koríko lúbúlúbú bí èlùbọ́. Mẹ́ta ló wà nínú páálí, £24. Ọkọ mi ní ká rà á. Ṣé ẹnikẹ́ni ti lo irú ẹ̀ rí?

Kọ́lá_Ọlọ́gbà_Kent (ọjọ́ 8 oṣù kẹfà)

Àǹtí mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má tíì rà á o. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tún ọgbà ṣe níbí, róbọ́ọ̀tì bíi méjìlá ló wà lọ́wọ́ mi tí mò ń bójú tó, mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé gbogbo wa dáadáa torí owó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn lórí ẹ̀.

Mulching kò ju pé kí ẹ̀rọ gé koríko wẹ́wẹ́, kó sì fi í sílẹ̀ nílẹ̀ kó bo gbòǹgbò, dípò kéèyàn máa kó o sínú àpò. Ẹ̀rọ tá à ń tì kiri, tó ń jẹ bẹntiróòlù, ni bíléèdì tó ká létí yẹn wà fún. Abẹ́ ẹ̀rọ yẹn dà bí ìkòkò tí wọ́n da dojú dé, wọ́n á dí ihò tí koríko ń gbà jáde pa, bíléèdì á máa fẹ́ koríko sókè, á gé e, koríko á tún jábọ́, á tún gé e lẹ́ẹ̀kejì lẹ́ẹ̀kẹta kó tó dé ilẹ̀. Ìkòkò yẹn àti agbára ẹ́ńjìnnì ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe bíléèdì nìkan.

Abẹ́ róbọ́ọ̀tì yín ò ní ìkòkò bẹ́ẹ̀. Àwo pẹlẹbẹ kan ni, tí abẹ kéékèèké mẹ́ta so mọ́ létí. Ibo ni koríko fẹ́ fò lọ tí etí kíká yẹn á fi tún un gé? Afẹ́fẹ́ lásán ló máa máa fẹ́, bátìrì yín ló sì máa jẹ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé mulching ni róbọ́ọ̀tì yín ń ṣe látọjọ́ tẹ́ ẹ ti rà á. Ṣé ẹ rí i pé kò ní àpò? Torí pé ojoojúmọ́ ló ń jáde ni, ìwọ̀nba mílímítà mélòó kan ló ń gé lórí koríko, èyí tó gé bọ́ sáàárín ìdí koríko tí ẹ ò tiẹ̀ ní rí i. Ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá koríko tútù, omi ni, èyí tó bá kéré bẹ́ẹ̀ á ti gbẹ kó tó dalẹ́, á jẹrà, á sì di oúnjẹ fún ilẹ̀. Àwọn yunifásítì tó ń kọ́ nípa àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé koríko gígé tá a bá fi sílẹ̀ lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin ajílẹ̀ tí lọ́ọ̀nù nílò lọ́dún.

Ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí fún mi: koríko yẹn ga tó kí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ? Nọ́ńbà mélòó lẹ gbé gíga ẹ̀ sí? Ìgbà wo lẹ yí bíléèdì kẹ́yìn?

ÌyáTèmi_MK (ọjọ́ 8 oṣù kẹfà)

Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣeun gan-an. Ó kọjá ọrùn ẹsẹ̀ mi dáadáa, a fi rúlà Tèmi wọ̀n ọ́n níbì kan tí ẹ̀rọ ò tíì dé, sẹ̀ǹtímítà 15. Orí sẹ̀ǹtímítà 4 ni mo gbé ẹ̀rọ sí bó ṣe wà lọ́dún tó kọjá. Bíléèdì, hmm, oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni.

Túndé_Coventry (ọjọ́ 8 oṣù kẹfà)

Ìdáhùn yín ti wà nínú 15 sí 4 yẹn o. Àmọ́ mo fẹ́ fi tèmi kún ti ẹ̀gbọ́n Kọ́lá lórí bíléèdì tó nípọn, torí iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo kọ́ tí mo sì ń ṣe jẹun.

Ẹ wo bíléèdì tó bá róbọ́ọ̀tì wá, kò nípọn tó mílímítà kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí abẹ ìfárí. Èèyàn lè rò pé ahun ni àwọn tó ṣe é. Rárá o, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Àwo yẹn ń yí ju ìgbà 2,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, Automower tèmi, róbọ́ọ̀tì tí Husqvarna ṣe, ń lọ tó nǹkan bíi 2,300. Wọn ò sì de bíléèdì yẹn mọ́lẹ̀ gírígírí, ó so rọ̀ lórí súkúrú ni, ẹ lè fi ìka tì í kó máa fì. Yíyí àwo ló ń nà án síta. Tó bá wá kọlu òkúta tàbí bọ́ọ̀lù ọmọdé, kì í bá a jà, ńṣe ló máa ká sẹ́yìn sábẹ́ àwo, tó bá ti kọjá á tún nà padà.

Tí ẹ bá wá gbé irin tó wúwo ní ìlọ́po mẹ́ta síbẹ̀, bí ìyára ẹ̀ bá ṣì wà bó ṣe wà, ìlọ́po mẹ́ta náà ni agbára tó máa fi kọlu nǹkan. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó wà níbẹ̀ á máa fa iná jù, á máa gbóná. Tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì fi díẹ̀ wúwo ju àwọn yòókù, gbogbo àwo á máa gbọ̀n, bíárìn á jẹ, ẹ máa gbọ́ ọ bó ṣe ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta tó fẹ́ kú.

Èyí tó tiẹ̀ ká mi lára jù ni ẹsẹ̀ ọmọ. Ìlànà kan wà tí wọ́n fi ń yẹ ààbò róbọ́ọ̀tì tó ń gé koríko wò kó tó dé ọjà, IEC 60335-2-107 ni wọ́n ń pè é. Bíléèdì tó bá ẹ̀rọ wá ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bá ti gbé òmíràn tó wúwo síbẹ̀, àyẹ̀wò yẹn ò bo ẹ̀rọ yín mọ́. Ẹ lọ́mọ nílé, àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́.

ỌmọṢakí_Leeds (ọjọ́ 9 oṣù kẹfà)

Kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu ẹni tó ti ṣe é. Èmi ra irú bíléèdì yẹn ní ọdún méjì sẹ́yìn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe róbọ́ọ̀tì o, ọ̀dọ̀ ẹnì kan lórí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ó bá gbogbo ẹ̀rọ mu. Súkúrú tó bá a wá gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo kàn rò pé ó le dáadáa ni.

Ọjọ́ kìíní ó gé, inú mi dùn. Ọjọ́ kejì mo ń gbọ́ kẹrẹ kẹrẹ kẹrẹ lábẹ́ ẹ̀, mo ní bóyá ẹ̀ka igi ló wọ̀ ọ́. Tẹ́lẹ̀ ó máa ń ṣe wákàtí kan ó lé díẹ̀ kó tó lọ gba iná, ó wá ń ṣe bí ogójì ìṣẹ́jú. Ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún ó dúró láàárín ọgbà, ó kọ ọ́ sójú pé ẹ́ńjìnnì bíléèdì ti há. Mo yí i padà, mo rí i pé orí súkúrú yẹn ti ń ha ike tó wà lábẹ́ àwo, ó ti fá a yí po bí ìgbà téèyàn fi ọ̀bẹ gbẹ́ igbá, òórùn iná sì ń jáde lára ẹ̀. Mo gbé e lọ síbi tí mo ti rà á, wọ́n tú u wò, wọ́n ní wáráńtì ò sí lórí ẹ̀ mọ́ torí bíléèdì tí mo fi sí i. £180 ni mo san. Ó dùn mí wọra, mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì.

Fẹ́mi_Luton (ọjọ́ 9 oṣù kẹfà)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọ Ṣakí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra ká má sọ pé gbogbo bíléèdì nínípọn ni kò dáa. Ambrogio ni tèmi, abẹ mẹ́ta kọ́ ló wà lábẹ́ ẹ̀, irin kan ṣoṣo ni tó ní orí mẹ́rin bí ìràwọ̀, wọ́n dè é mọ́lẹ̀ gírígírí, kì í fì. Ó nípọn dáadáa, ó ń gé koríko líle, ewé díẹ̀díẹ̀ sì ni kò kà sí rárá. Bó ṣe wá láti ilé iṣẹ́ nìyẹn.

Túndé_Coventry (ọjọ́ 9 oṣù kẹfà)

Òótọ́ lẹ sọ, Bọ̀dá Fẹ́mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ mú un wá. Àmọ́ tiyín, nítorí bíléèdì yẹn ni wọ́n ṣe fi irú ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀ síbẹ̀, òun náà ni wọ́n wò tí wọ́n fi ṣe ìbòrí etí ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ò ju kéèyàn má gbé ti ẹ̀rọ kan fún ẹ̀rọ mìíràn. Tí ẹnì kan bá fẹ́ èyí tó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, kó lọ wo ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ẹ̀ ń tà fún irú ẹ̀rọ yẹn gan-an. Husqvarna fúnra wọn ń ta èyí tí wọ́n ń pè ní Endurance, ó máa ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó kú. Kí ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀rọ yín mọ́ ti ara páálí kẹ́ ẹ tó sanwó.

Bàbá_Mókọ́lá (ọjọ́ 9 oṣù kẹfà)

Ẹ kú ìjíròrò ẹ̀yin ọmọ mi. Ìbàdàn ni mo wà, ọmọ mi ló fi ibí hàn mí, mi ò ní irú ẹ̀rọ yẹn, ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ ń pè ní mulching yẹn, iṣẹ́ wa ni. Tá a bá gbin iṣu lọ́gbẹlẹ̀, koríko gbígbẹ la máa ń kó lé orí ebè, ká sì fi yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má gbé e lọ, kí oòrùn má baà se èèbù mọ́ ilẹ̀. Gbígbẹ ni mo wí o. Ẹni tó bá kó koríko tútù jọ kítikìti, kó ti ọwọ́ bọ àárín ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, á rí i bó ṣe ń gbóná bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀. Ooru yẹn ló ń se koríko ìyá Tèmi tó fi ń pọ́n. Kó tètè fi réèkì tú u ká.

ÌyáTèmi_MK (ọjọ́ 9 oṣù kẹfà)

Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Mo ti bọ́ síta lọ tú u ká báyìí, ó gbóná lóòótọ́ o! Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, kí ni kí n wá ṣe? Ọkọ mi ti fọwọ́ sí i pé ká má rà á mọ́.

Kọ́lá_Ọlọ́gbà_Kent (ọjọ́ 9 oṣù kẹfà)

Ó ṣeun, ẹ kí ọkọ yín fún mi.

Ẹ kọ́kọ́ dá róbọ́ọ̀tì dúró síbi ṣáájà ẹ̀, kó sinmi ná. Koríko tó ga tó 15 kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀, ìwọ̀n tó ga jù tí tiyín lè gé ò sì ju 6 lọ. Ẹ yá ẹ̀rọ tá à ń tì lọ́wọ́ aládùúgbò, èyí tó ní àpò, kẹ́ ẹ sì kó ohun tó bá gé dànù, tàbí kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sídìí òdòdó. Ẹ má ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga koríko lọ lẹ́ẹ̀kan. Láti 15 sí 10, ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kó mí, láti 10 sí 7. Lẹ́yìn náà ẹ wá gbé róbọ́ọ̀tì sí 6, kó lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, kẹ́ ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé 4. Koríko tẹ́ ẹ bá gé jù lẹ́ẹ̀kan, gbòǹgbò ẹ̀ á ṣe àárẹ̀, mọ́ọ̀sì á sì gba ipò ẹ̀.

Nígbà tí róbọ́ọ̀tì bá ń sinmi, ẹ yí bíléèdì ẹ̀. Oṣù kẹsàn-án dé oṣù kẹfà ti pọ̀ jù, tó bá ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, oṣù kan sí méjì ni tèmi máa ń lò. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé, ẹ fara balẹ̀ ka á torí abẹ ni.

Ẹ pa á níbi tí wọ́n ti ń pa iná ẹ̀ pátápátá, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ kàn tẹ stop. Èyí tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ààbò, ẹ yọ ọ́ sápò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Ẹ tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kẹ́ ẹ dojú ẹ̀rọ dé sórí ẹ̀ kí ara ẹ̀ má ha. Ẹ fi ọwọ́ kan di àwo mú, kẹ́ ẹ fi súkúdíráfà tó bá ihò súkúrú mu tú u, tí kò bá mú un dáadáa á jẹ orí súkúrú, ẹ ò ní lè tú u mọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa yí pa pọ̀, ẹ má yí ọ̀kan kẹ́ ẹ fi méjì sílẹ̀, torí kíkú wọn ò ní dọ́gba. Ẹ má sì dá súkúrú àtijọ́ padà! Ọrùn súkúrú níbi tí bíléèdì ti ń fì máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, tó bá já nígbà tó ń yí, bíléèdì á fò jáde bí ọfà.

Kẹ́ ẹ tó dè é, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ègé igi pẹlẹbẹ ha koríko tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ àwo. Ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń tú omi pẹ̀lú agbára fọ̀ ọ́ láéláé, omi á wọ bíárìn. Tẹ́ ẹ bá ti de tuntun, ẹ fi ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ ta bíléèdì kọ̀ọ̀kan. Kó máa fì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èyí tí kò bá fì, nǹkan ṣì wà lábẹ́ ẹ̀.

Houston_Dàpọ̀ (ọjọ́ 10 oṣù kẹfà)

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin ará London àti agbègbè ẹ̀. Ní Texas níbí, ìṣòro wa yàtọ̀. St. Augustine ló wà níwájú ilé mi, koríko tí ewé ẹ̀ fẹ̀ bẹ̀ǹbẹ̀, ó ń ta ìtàkùn lórí ilẹ̀, kò sì fẹ́ kéèyàn gé òun kọjá nǹkan bíi 2.5 inch sí 4. Róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe fún koríko Yúróòpù ò lè ga tó bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ọmọ ìyá wa kan níbí tó rà á wá láti òkè òkun, ó fá ilẹ̀ ẹ̀ kalẹ̀ títí oòrùn oṣù keje fi jó gbogbo ẹ̀, òun náà rò pé bíléèdì ló fà á. Ẹni tó bá wà ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà níbí, kó wá èyí tí wọ́n ṣe fún gíga koríko wa. Husqvarna ní irú ẹ̀ tí wọ́n fi H sí nọ́ńbà ẹ̀.

Àlàkẹ́_Swindon (ọjọ́ 10 oṣù kẹfà)

Mo gbádùn gbogbo àlàyé yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí róbọ́ọ̀tì yín ṣiṣẹ́ lóru. Ẹranko kékeré kan wà tí ẹ̀yìn ẹ̀ rí ṣóńṣó ṣóńṣó bí òòrẹ̀, hedgehog ni wọ́n ń pè é níbí, òru ló máa ń jáde wá oúnjẹ. Tí nǹkan bá ń bọ̀ kì í sá, ńṣe ló máa ká jọ bíi bọ́ọ̀lù síbẹ̀, róbọ́ọ̀tì á sì gùn ún. Mo rí ọ̀kan lẹ́bàá fẹ́ǹsì wa láàárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù karùn-ún, imú ẹ̀ ti gé, ó ṣì ń mí. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kò yè é. Látọjọ́ yẹn, aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo fi tiwa sí, nígbà tí àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Köln ní Jámánì tiẹ̀ ti fòfin dè é ní 2024 pé róbọ́ọ̀tì ò gbọ́dọ̀ gé koríko lóru. Nígbà tí oòrùn bá wà lójú ọ̀run, ìrì náà á ti gbẹ, koríko ò sì ní lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kọ́lá_Ọlọ́gbà_Kent (ọjọ́ 10 oṣù kẹfà)

Àlàkẹ́, ìwọ ló sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti sọ. Ọgbà tí mo bá ti lọ, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò nìyẹn. Ìrì yẹn náà wà lára ohun tó ń jẹ́ kí koríko ṣù.

ÌyáTèmi_MK (ọjọ́ 13 oṣù kẹfà)

Mo ti ṣe é! Ó gbà mí ní ogún ìṣẹ́jú. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí fún yín.

Nígbà tí mo dojú ẹ̀ dé, koríko ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ àwo, ó ti gbẹ, ó dúdú, ó le bí ìsàlẹ̀ ìkòkò àmàlà tí wọn ò rẹ somi. Mo fi ọ̀pá áásìkiríìmù ha á, ó ń jáde ní ègé ègé. Nínú bíléèdì mẹ́ta, ọ̀kan ṣoṣo ló ń fì. Méjì ti há síbi tí wọ́n ká sí, wọn ò nà jáde mọ́ rárá, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gé nǹkan kan. Ìyẹn ni pé bíléèdì kan ló ń dá ṣe iṣẹ́ mẹ́ta lórí koríko tó ga tó 15! Èyí tó ń ṣiṣẹ́ náà, etí ẹ̀ ti yípo, mo fi fa ìwé ìròyìn, kò gé e, ńṣe ló ń ya á. Ọrùn súkúrú kan ti jẹ wọnú bí ọ̀rá ìfọṣọ tí okùn ti ha.

Mo tún wo orí koríko fúnra ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n Kọ́lá ní kí n wò ó lórí fóònù. Gbogbo orí ẹ̀ funfun, ó já jákujàku bí etí aṣọ tí wọn ò gbà. Ìyẹn ló jẹ́ kí lọ́ọ̀nù wa máa rí bí èyí tó gbẹ látòkèèrè tí mo sì ń bomi rin ín lásán.

Ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ni mo rà, páálí bíléèdì mẹ́sàn-án pẹ̀lú súkúrú mẹ́sàn-án, kò tó £20. Aládùúgbò wa yá wa ní ẹ̀rọ tá à ń tì, a ti gé e dé 10.

ỌmọṢakí_Leeds (ọjọ́ 13 oṣù kẹfà)

Inú mi dùn gan-an. Àǹtí, súkúrú tuntun yẹn, bàwo lẹ ṣe dè é le tó?

Túndé_Coventry (ọjọ́ 13 oṣù kẹfà)

Kó dúró gbọin tó bá ti dé ìsàlẹ̀, ó tó. Súkúrú yẹn ní èjìká, èjìká yẹn ló ń jẹ́ kí bíléèdì ráyè fì. Ẹ má fi dírìlì dè é, àwo yẹn lè jẹ́ ike, á bo. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ lò.

ÌyáTèmi_MK (ọjọ́ 29 oṣù kẹfà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Róbọ́ọ̀tì ti wà lórí 4.5 báyìí, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò tíì rí ìṣù koríko kankan. Láàárọ̀ yìí mo kúnlẹ̀ mo la ìdí koríko wò, mo rí wọn níbẹ̀, tíntìntín, ọ̀pọ̀ ti di búráùn, èyí tó ṣì tutù ò gùn ju èékánná ìka kékeré mi lọ. Ibi tó ti pọ́n yẹn náà ti ń rú padà.

Ìbéèrè kan ló kù. Igi kan wà nílé aládùúgbò wa tó máa ń da ewé sọ́dọ̀ wa ní oṣù kẹwàá. Ṣé bíléèdì wa lè gé ewé?

Kọ́lá_Ọlọ́gbà_Kent (ọjọ́ 29 oṣù kẹfà)

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ewé tó bá já lọ́kọ̀ọ̀kan tó sì gbẹ, á gé e, á sì bá koríko jẹrà. Èyí tó bá bo ilẹ̀ débi tẹ́ ẹ ò rí koríko mọ́, ẹ fi réèkì kó o kúrò kó tó jáde, pàápàá tí òjò bá ti rọ̀ sí i, torí á dí abẹ́ àwo, ẹ tún máa bá bíléèdì tó há. Lásìkò ewé, ẹ máa yẹ abẹ́ ẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àlàkẹ́_Swindon (ọjọ́ 29 oṣù kẹfà)

Clover Tèmi ńkọ́? Ṣé ẹ ti gé gbogbo ẹ̀ tán?

ÌyáTèmi_MK (ọjọ́ 30 oṣù kẹfà)

Rárá o, ó sunkún nígbà tí aládùúgbò gbé ẹ̀rọ dé, a wá fi ibì kan sílẹ̀ fún un lẹ́bàá fẹ́ǹsì, bíi mítà méjì níbùú. Ọkọ mi tú wáyà ààlà tó wà níbẹ̀, ó sún un wọlé, ó sì fi ìṣó oníke kàn án mọ́lẹ̀ kí róbọ́ọ̀tì má baà gùn ún kó já a. Tó bá ti dé ibẹ̀ á yí padà fúnra ẹ̀. Oyin mẹ́rin ni Tèmi kà níbẹ̀ lánàá.